Adé Ọ̀yọ́, Idà Ìbàdàn, àti Àwọn Òpìtàn Méjì



Ẹni tí ó bá ti etí odò Ògùnpa gòkè, tí ó gba Agbeni lọ sí Ọjà'ba, yóò pàdé ọ̀rọ̀ mi lójú ọ̀nà. Ọjà Ìba ni orúkọ ọjà náà ní kíkún. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, jagunjagun Ìbàdàn, ni Ìba tí a ń wí. Ṣùgbọ́n oyè Ọ̀yọ́ ni Baṣọ̀run. Aláàfin Àtìbà ni ó fi dá Olúyọ̀lé lọ́lá. Lórí òkè tí ó wà nítòsí ni Gbọ̀ngàn Mápó dúró sí, èyí tí a parí ní 1929, nígbà tí Ìbàdàn ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ọjà ń jẹ́rìí ọlá Ọ̀yọ́, gbọ̀ngàn ń jẹ́rìí agbára Ìbàdàn. Bí ọlá bá wà ní ìlú kan, tí agbára sì wà ní òmíràn, ta ni yóò sọ fún ìran tí ń bọ̀ èwo ni olórí nínú wọn?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ayé ìdílé ọba Song ní ilẹ̀ Ṣáínà, Kaifeng ni ọba ń gbé, ibẹ̀ ni Wang Anshi ti ń ṣe òfin tuntun. Sima Guang, ìjòyè tí kò fara mọ́ òfin wọ̀nyí, kó lọ sí Luoyang, olú-ìlú àtijọ́, ní 1071. Níbẹ̀ ni ó ti parí ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó ní ìpín 294, ní 1084. Ní 1085 a pè é padà sí Kaifeng, kí ó sì tó kú ní 1086, ó ti fagi lé púpọ̀ nínú òfin náà. Agbára wà ní Kaifeng, ṣùgbọ́n Luoyang ni a ti kọ ìwé tí àwọn alágbára ń kà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, Àtìbà tún Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní Àgọ́. Adé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ní ọmọ ogun; àwọn ni wọ́n dá ogun Fúlàní padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Síbẹ̀, nígbà tí Látòósà Ìbàdàn jẹ Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, oyè Aláàfin ni ó jẹ.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, ó yí òṣùwọ̀n padà. Láti 1914 títí di 1931, Captain Ross, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀yọ́, gbé Aláàfin Ládìgbòlù lékè Ìbàdàn. Ìbàdàn tí ó ti ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú onílùú wá di ìlú tí ajẹ́lẹ̀ ń darí láti ibòmíràn. Ní 1925, a yọ Baálẹ̀ Ṣítù, ọmọ Látòósà fúnra rẹ̀, kúrò lórí oyè. Ọdún 1934 ni Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1936 ni Baálẹ̀ di Olúbàdàn.

Nínú ìjà yìí, ọkùnrin méjì mú ìwé kíkọ. Àlùfáà Samuel Johnson dàgbà ní Ìbàdàn, ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ó ti parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Òun náà jẹ́ ìránṣẹ́ ìjọba: ní 1881, nígbà Ogun Kírìjì, ó jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin Adéyẹmí fún Gómìnà Èkó. Ó kú ní 1901. Ìwé náà kò jáde títí di 1921. Isaac Babalọlá Akínyẹlé ní tirẹ̀ tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ní èdè Yorùbá. Ó gun àkàsọ̀ oyè ìlú rẹ̀ títí ó fi di Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí oyè títí di 1964.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka Johnson, inú bí mi pé Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe orí gbogbo Yorùbá. Mo tún un kà, mo sì rí i pé ogun àti ìjòyè Ìbàdàn ni ó kún apá tí ó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Ó fún Ọ̀yọ́ ní ipò orí, ó sì fún Ìbàdàn ní ìṣe. Akínyẹlé fún Ìbàdàn ní àǹfààní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì kọ́ ọmọ wa ti dá ẹjọ́ tí kò gbọ́ tán.

Ní 1976 ìjọba dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀yọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ìbàdàn ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú rẹ̀. Ìjà ọlá àti agbára kò tíì parí. A kàn kọ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan ni. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti máa béèrè ibi tí ẹni tí ó kọ̀wé jókòó sí, kí ó tó gba ohun tí ó kọ gbọ́.