Púlọ́ọ̀gì Ọkọ̀ Asáré: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Láti Wọn Ooru

Púlọ́ọ̀gì ni irin kékeré tó ń ta iná sí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni ọ̀ràn méjì ti ń bá a fà á. Bó bá tutù jù, èédú á bò ó lẹ́nu, kò ní lè ta iná mọ́. Bó bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ á pọ́n bí ẹyin iná, á sì ran epo kí àsìkò tó tó. Ẹni tó bá fi agbára kún ọkọ̀ asáré ti da òṣùwọ̀n yìí rú, ó sì di dandan kó tún púlọ́ọ̀gì yàn.

Paris ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1860, Étienne Lenoir, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lo púlọ́ọ̀gì nínú ẹ́ńjìnnì onígáàsì tó ṣe. Nígbà tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1886, bátìrì ló fi ń ta iná, ó sì ka ìtanná yìí sí olórí wàhálà nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ṣíṣe. Gottlieb Daimler gba ọ̀nà mìíràn: ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n ń fi iná sun títí á fi pọ́n, kí ooru rẹ̀ lè ran epo. Ọ̀pá yẹn kò mọ àsìkò, ẹ́ńjìnnì kò sì lè sáré bó ṣe yẹ. Ọdún 1902 ni ìdè náà tú, nígbà tí Gottlob Honold, tó ń bá Robert Bosch ṣiṣẹ́ ní Stuttgart, ṣe mágínẹ́tò tó ń mú iná alágbára jáde láìsí bátìrì, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tó bá a mu.

Ara púlọ́ọ̀gì ayé ìgbà náà, tánganran ni. Tánganran a máa sán nígbà tí ooru bá le, àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú wọn, Kenelm Lee Guinness tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ireland, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní nǹkan bí ọdún 1912 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkà, òkúta tó ṣeé là sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé, rọ́pò tánganran. Lẹ́tà orúkọ rẹ̀, KLG, ló fi sọ púlọ́ọ̀gì náà. Lọ́dún 1922, òun kan náà ló wa ọkọ̀ Sunbeam ní pápá Brooklands tó fi gba ipò ẹni tó sáré jù láyé lórí ilẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ti ṣe irinṣẹ́ fún ara rẹ̀ tó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán an wò báyìí.

Òjé ló lé máíkà kúrò. Lọ́dún 1921 ni wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé òjé nínú bẹntiróòlù kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kan gbàgbà, ṣùgbọ́n òjé yìí kan náà ń ba máíkà jẹ́. Kí ogun àgbáyé kejì tó parí, tánganran tuntun tí wọ́n fi alumina sun ti gba ipò rẹ̀, òun náà ló sì wà lára púlọ́ọ̀gì títí di òní.

Bí ara ṣe le tán, ó ku bí wọ́n ṣe máa mọ èyí tó yẹ ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Imú tánganran tó wà nísàlẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Bí imú náà bá gùn, ooru á pẹ́ kó tó rìn dé ara irin tó dè mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì gbígbóná nìyẹn. Bó bá kúrú, ooru á tètè jáde; tútù nìyẹn. Ẹ̀ta iná kò yàtọ̀ nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí imú yìí wà láàárín nǹkan bí 500 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí èédú ti ń jóná kúrò fúnra rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Bosch fi nọ́ńbà sí ìwọ̀n ooru yìí. Nọ́ńbà àtijọ́ wọn, bíi 145, 175 àti 225, dúró fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí púlọ́ọ̀gì fi fara dà á nínú ẹ́ńjìnnì ìdánwò kó tó máa ran epo ṣáájú àsìkò. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni púlọ́ọ̀gì ṣe tutù tó.

Ìgbà tọ́bò ni ọ̀ràn yíyàn wá le jù. Tọ́bò dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, iná á sì gbóná sí i. Nissan Skyline GT-R tó jáde ní Japan lọ́dún 1989 ní tọ́bò méjì lórí ẹ́ńjìnnì lítà 2.6. Láàárín 1990 sí 1993, gbogbo ìdíje 29 tó wọ̀ nínú ìdíje ọkọ̀ ilẹ̀ Japan ló borí. Lára púlọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ NGK tí wọ́n ń fi sí i, wọ́n kọ PFR6A-11: 6 ni ìwọ̀n ooru, 11 sì ni àlàfo ẹnu, mílímítà 1.1. Àwọn tó fi kún agbára tọ́bò rẹ̀ kì í fi 6 sílẹ̀. Wọ́n ń lọ sí 7 tàbí 8 tó tutù jù ú lọ, wọ́n sì ń fún àlàfo náà pọ̀ sí nǹkan bí 0.8, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́lẹ̀ ṣòro fún iná láti fò kọjá. Ìmọ̀ràn NGK ni pé kí a sún sí tútù ní ìpele kan fún agbára ẹṣin 75 sí 100 tí a bá fi kún un.

Iridium, tí kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 2,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti mú kí ṣóńṣó púlọ́ọ̀gì tín-ín-rín dé mílímítà 0.4, iná kékeré sì tó o. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru ṣì ni olórí. Mẹkáníìkì tó bá tú púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn eré líle á wo imú rẹ̀: bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó bára mu, bó bá funfun tó sì lé róró, ó gbóná jù, bó bá dúdú gbẹ, ó tutù jù tàbí epo ti pọ̀ jù.

Ohun kan ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Nígbà tí Bosch pa nọ́ńbà ìṣẹ́jú àáyá tì, tó mú nọ́ńbà kúkúrú, ó yí i padà. Lóde òní, 7 ti NGK tutù ju 6 rẹ̀ lọ, 7 ti Bosch sì gbóná ju 6 tirẹ̀ lọ.