Omi Pọ̀ Ju Ọkà Lọ

Bí ọ̀ràn bá ti kọjá ohun tí apá ká, Yorùbá a ní omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Ìdí ààrò lọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó ń ro àmàlà ní Ìlọrin mọ̀ pé omi tó sọ ẹ̀lúbọ́ igbá kan di ẹ̀kọ mímu lè má tó ro igbá méjì. Òwe náà kò bú omi rárá. Ìpín ló ń sọ: ọkà mélòó, nínú omi mélòó? Ìbéèrè yẹn gan-an ni onímọ̀ kẹ́mísìrì ń bi omi iyọ̀.

Bu iyọ̀ gíráàmù 9, fi omi kún un títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé lítà 1. (Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da odindi lítà omi lé e ti ṣìṣe díẹ̀, torí iyọ̀ náà ń gba àyè.) Bí iyọ̀ ti pọ̀ tó nínú omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ọsibítù nìyẹn. Tún bomi sí i kó di lítà 3: iyọ̀ ò sá lọ, gíráàmù 9 náà ni, àmọ́ 3 péré ló kan lítà kọ̀ọ̀kan báyìí.

Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló gbé ìṣirò yìí wọ ilé àwọn ìyá wa. Láyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera ní 1985, wọ́n ń kọ́ wọn pé bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, kí wọ́n po iyọ̀ ṣíbí kékeré 1 tó tẹ́jú àti ṣúgà hóró 5 mọ́ omi ìgò bíà 1 tàbí ìgò mínírà 2, ìyẹn mílílítà 600. Ẹ ní kí Ìyá Àlàájì kan ní Pàkátà, nílùú Ìlọrin, lọ wá ìgò bíà wá, kí ẹ wo ojú rẹ̀!

Ibi ṣíbí ni ewu wà. Èyí tí wọ́n ní lọ́kàn gba mílílítà 3, nǹkan bíi gíráàmù 3.6 iyọ̀, tó jẹ́ 6 nínú lítà kan. Bí ìyá bá lo ṣíbí mílílítà 5, gíráàmù 6 ló bù, lítà kan yóò sì ní 10. Ìyẹn ju ti omi ọsibítù lọ, á sì máa fa omi kúrò lára ọmọ tí òùngbẹ ń pa. Iyọ̀ tó ti yòrò kò ṣeé ṣà kúrò. Omi la ó wá fi kún un, mílílítà 400, kí gbogbo rẹ̀ di lítà 1. Ṣúgà náà á wá là, hóró 3 yóò tún wọ ibẹ̀. Pàkẹ́ẹ̀tì ORS òde òní, tí wọ́n ti wọn iyọ̀ àti ṣúgà sínú rẹ̀, rọrùn jù: gíráàmù 2.6 iyọ̀ fún lítà 1. Síbẹ̀, ẹni tó bá dà á sínú ìgò 50cl kan ṣoṣo ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Pípo omi iyọ̀ méjì pọ̀ ló máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú. Lítà 1 ní gíráàmù 9. Lítà 3 mìíràn ní 1 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Wọn a ní 9 àti 1 jẹ́ 10, ìdajì rẹ̀ 5. Rárá o. Iyọ̀ la ń rò mọ́ iyọ̀, 9 àti 3, ó di 12. Omi mọ́ omi, ó di lítà 4. Gíráàmù 3 ló kan lítà kan. Àfi bí omi méjèèjì bá dọ́gba ni 5 wọn yẹn ì bá tọ̀nà.