Ìdí Tí Ajá Wa Kò Fi Bá Wa Dé Dublin

Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Ìgbà tí àwa oníṣirò owó ń forí bọ ìwé owó-orí àwọn ẹlòmíràn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Ó rí àwòrán kan nínú àwọn fọ́tò wa àtijọ́: ìyá rẹ̀ dúró níwájú ilé bàbá àgbà ní Abẹ́òkúta, ajá pupa kan jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ajá ta nìyí?" Mo ní ajá màmá rẹ ni, Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní, "Ṣé ẹ kàn fi í sílẹ̀ ni?"

Ohùn tó fi bi mí dà bí ẹni pé mo jalè. Ọmọ tí wọ́n bí sí Dublin ń rí ajá tó ń jókòó nínú ọkọ̀ bí ènìyàn, tó ń sùn lórí àga, tó ń bá olówó rẹ̀ lọ sí òkun. Báwo ni yóò ṣe mọ ìdí tí tọkọtaya fi lè kó ẹrù wọn tán kí wọ́n sì fi ajá sílẹ̀? Mo dá a lóhùn pé òfin ni. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ni mo bá lọ ka ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ méjì. Èkíní ni orúkọ ajá náà. Ta ni ó mọ ọ̀la? Bí ẹ bá pè é pọ̀, ó di Tanímọ̀la. Àwọn bàbá wa máa ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o kò ní bá a jà, ajá rẹ ni wàá máa pè kíkankíkan lójú ọ̀nà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sì gbọ́. Bàbá ìyàwó mi sọ ajá yìí lórúkọ nígbà tí ẹnì kan ládùúgbò ń sọ pé kò ní lè parí ilé tó ń kọ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni dìgbòlugi. Ẹ pè é, kí ẹ sì fetí sí i: ẹ ó gbọ́ igbó nínú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ igi. Ajá tí àrùn yìí bá mú kì í mọ ilé mọ́, ó ń rìn kiri, ó ń kọ lu ohun gbogbo, ó sì ń bu ènìyàn jẹ. Inú itọ́ rẹ̀ ni àrùn náà wà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni kò jẹ́ kí Tanímọ̀la wá sí Dublin.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Òfin tí mo kọ́kọ́ rí nípa ajá àti ẹnu ibodè Ireland kò lé ajá kankan sẹ́yìn. Ó ní kí ajá má ṣe jáde ni! Ní ọdún 1652, ìkookò pọ̀ nínú igbó níbí. (Ìkookò tiwa nílé ni èyí tó ń jẹ òkú ẹran lálẹ́. Tibí yìí jẹ́ ìbátan ajá, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni a fún wọn.) Àwọn ọmọ-ogun Cromwell ti gba ilẹ̀ náà, àwọn kan nínú wọn sì fẹ́ máa kó àwọn ajá gíga tí wọ́n fi ń ṣọdẹ ìkookò lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba wọn pàṣẹ ní Kilkenny pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó irú ajá bẹ́ẹ̀ kúrò ní Ireland mọ́. Ajá ní láárí nígbà náà.

Ó ju igba ọdún lọ kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà. Dìgbòlugi ń pa ènìyàn ní ìlú ńláńlá Yúróòpù. Ní oṣù keje ọdún 1885, Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé fún ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ọmọ náà sì yè. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso Ireland nígbà náà bó ti ń ṣàkóso Èkó, kò gbójú lé abẹ́rẹ́ nìkan. Mínísítà kan tó ń jẹ́ Walter Long pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ìdènu dí ajá lẹ́nu ní àwọn àdúgbò tí àrùn náà wà. Àwọn alájá bú u bí ẹní bú olè, kò yí padà. Ní ọdún 1897, wọ́n fi òfin mìíràn lé e: ajá tó bá ti òkèèrè dé gbọ́dọ̀ wà ní àhámọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ìdí ni pé àrùn náà lè fara pamọ́ sínú ẹranko fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù púpọ̀, kí ó tó jáde.

Ó sì ṣiṣẹ́. Dìgbòlugi kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1902, ní Ireland ní 1903. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ ni àwọn kan tún fi ajá pamọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àrùn náà sì padà dé ní 1918, ó di 1922 kí wọ́n tó rẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1922 yìí kan náà ni Ireland gba ìjọba ara rẹ̀. Wọ́n yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà, wọ́n yí àwọ̀ àpótí lẹ́tà láti pupa sí àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n wọn kò ju àhámọ́ ajá nù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ajá ilẹ̀ wa tó rin ìrìn-àjò yìí ṣáájú. Ní 1895, kí òfin àhámọ́ yẹn tó dé, wọ́n kó ajá méjì láti Áfíríkà wá sí ìpàtẹ ajá Crufts ní London. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Basenji lónìí ni: kúkúrú, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ká, kì í gbó bí ajá yòókù. Bí ẹ bá ti dé abúlé kan rí nílé, ẹ ti rí ìbátan rẹ̀. Àwọn ènìyàn tò láti wò wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kú. Kì í ṣe dìgbòlugi, àrùn ajá mìíràn ni, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Òfin ń ṣọ́ra fún ohun tí ajá wa lè gbé wá. Ohun tí ajá wa lè bá níbí, kò sí ẹni tó ronú nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n má fi ẹ̀tanú sọ̀rọ̀ ṣá. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Àrùn náà ṣì wà nílé. Ní àgbáyé, bí 59,000 ènìyàn ni wọ́n ní ó ń pa lọ́dọọdún, ní Áfíríkà àti Éṣíà ni ó sì ti pọ̀ jù, ajá ló ń kó o ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí a bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ má sáré lọ fọwọ́ pa ajá tí ẹ kò mọ̀ lórí. Bí ajá bá bu yín jẹ, kódà bí ó bá ha yín lára lásán, ẹ sọ fún àgbàlagbà kíákíá, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní àgbo. Bí àrùn náà bá ti jáde sí ara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ilé wa náà ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn yìí. Ní 1956, àwọn onímọ̀ rí kòkòrò àrùn kan lára àdán ní Erékùṣù Èkó. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín ní Ìbàdàn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ìbátan dìgbòlugi ni àwọn méjèèjì. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n fún wọn? Ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ Lagos, ti èkejì ń jẹ́ Mokola. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́kọ́lá tí àwọn ará Ìbàdàn ti ń wọ mọ́tò! Orúkọ àdúgbò yẹn wà nínú ìwé àwọn dókítà ẹranko káàkiri ayé.

Ó wá di ìgbà tiwa. Ní oṣù keje ọdún 2004, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí fún ajá àti ológbò ní páàsípọ́ọ̀tù. Ajá tó ní in lè ti Faransé wọ Dublin láìsí àhámọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, àwọn ará Ireland dìbò pé bíbí ọmọ sórí ilẹ̀ yìí nìkan kò ní sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ mọ́. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa ìkejì o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí rántí ìgbà náà, ẹ rántí fọ́ọ̀mù ọdún 2005, nígbà tí wọ́n fún àwọn òbí tó lé ní 16,000 ní ìwé ìgbélùú nítorí àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ti bí síbí.

Èmi dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 láti kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó. A ṣègbéyàwó nílé ní 2008, ìyàwó mi sì wá bá mi ní 2010. Ó ti tọ́jú Tanímọ̀la láti kékeré, òun ló fi wàrà bọ́ ọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a lè mú un wá. Páàsípọ́ọ̀tù Yúróòpù kò kan ajá Abẹ́òkúta. Oṣù mẹ́fà ló máa lò ní àhámọ́ ní Lissenhall, nítòsí Swords. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀ bí mo ti ń ṣírò fún oníbàárà: owó ọkọ̀ òfurufú, owó àpótí, owó ilé àti oúnjẹ ajá lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ó ju owó ilé tí àwa méjèèjì ń san fún oṣù mẹ́fà lọ. Mo gbé ìwé náà fún ìyàwó mi. Ó kà á, ó ká a, kò sọ nǹkan kan.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, tọkọtaya ará Ireland tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó lọ sí Spain. Wọ́n gbé ológbò wọn sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá náà fi páàsípọ́ọ̀tù ológbò náà hàn wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó mi ti tò láti kùtùkùtù nítorí káàdì tirẹ̀. Ó kí wọn kú oríire tọkàntọkàn, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn yàrá.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 ni òfin náà yí padà. Ajá tó bá ti Nàìjíríà wá kò ní láti lo oṣù mẹ́fà ní àhámọ́ mọ́ bí ìwé rẹ̀ bá pé. Wọn yóò fi ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bí hóró ìrẹsì sí abẹ́ awọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá abẹ́rẹ́ ti mú. Bí ó bá mú, ẹ ó tún dúró fún oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìrìn-àjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò lo oògùn aràn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí títí di òní. (Àwọn tó ní ẹbí ní London, ẹ rántí pé láti 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú àjọ náà, ajá tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá gbọ́dọ̀ ní àjẹsára dìgbòlugi àti ìwé lọ́wọ́.)

A fi owó ránṣẹ́. Dókítà ẹranko ní Abẹ́òkúta ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Tanímọ̀la wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ilé àyẹ̀wò lókè òkun, èsì rẹ̀ sì dára. A bẹ̀rẹ̀ sí ka oṣù mẹ́ta.

Ìyá ìyàwó mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ọmọ yòókù wà ní Àbújá. Bàbá dá wà nínú ilé tí aládùúgbò ní kò ní parí, ó sì ń lọ sí oko lójoojúmọ́, ajá ń tẹ̀lé e. Ní oṣù kejì ìdúró wa, a pè é láti bá a sọ̀rọ̀ àpótí ajá. Ó gbọ́ wa tán, ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ẹ ti mú ọmọ mi lọ. Ikú ti mú ìyá rẹ̀ lọ. Ṣé ajá yìí náà lẹ tún fẹ́ mú?"

Ìyàwó mi ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó gbé fóònù fún mi, èmi náà bẹ̀ ẹ́. A kò dárúkọ àpótí mọ́.

Tanímọ̀la kú ní 2016, ìdí máńgòrò lẹ́yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Ìwé èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú fáìlì kan náà tí ìwé ilé àti páàsípọ́ọ̀tù wa wà, mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nù. Mo mú un jáde fún ọmọ mi lẹ́yìn tí mo ka gbogbo èyí tán fún un. Ó wá orúkọ ajá náà rí, ó kà á sókè, ó gbé ohùn ibi tí kò yẹ. Mo pè é fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀. Ó pè é dáadáa ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ó dìgbà kan ná o.