Ibi tí ìjì tọ̀nédò ti ń jà ní Amẹ́ríkà, àti àsìkò tí ó ń jà

Kò sí orílẹ̀-èdè tí ìjì tọ̀nédò ti ń jà tó ti Amẹ́ríkà ní gbogbo àgbáyé. Nǹkan bí 1,200 ni wọ́n ń kà níbẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì sí ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ 50 tí wọ́n ní tí kò tíì rí i rí. Ìjì yìí fara jọ ààjà, èyí tí àwọn àgbà ní ó máa ń gbé ènìyàn lọ sínú igbó láti lọ kọ́ oògùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń yí bíríbírí ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n eruku àti ewé gbígbẹ ni ààjà ilé wa sábà máa ń gbé. Inú ìkùukùu òjò ni tọ̀nédò ti ń nà wá sílẹ̀, ó sì lè fa ilé tu tìpìlẹ̀tìpìlẹ̀. Èyí tí ó le jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní EF5, afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń ju 320 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín orílẹ̀-èdè náà ni òkìkí rẹ̀ kàn jù: Texas, Oklahoma, Kansas àti Nebraska, tí wọ́n sọ ní Tornado Alley. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó kún fún omi ń fẹ́ wá láti orí òkun tí ó wà ní gúúsù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mexico. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń bọ̀ láti ìhà àwọn òkè Rocky ní ìwọ̀-oòrùn. Òmíràn tí ó tutù tún ń sáré kọjá lókè wọn. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni òjò alágbára ti ń ṣú, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ìjì náà ń tẹ̀lé ooru lọ sí àríwá ni. Bí ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun gúúsù ni ó ń dà láàmú. Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, ó di ti Texas àti Oklahoma. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, ó ti dé Dakota àti Minnesota. Oṣù karùn-ún ni ó ń pọ̀ jù, láàárín aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó ti pọ̀ jù ni ó ti ń pa ènìyàn jù. Ní Alabama, Mississippi àti Tennessee, igbó àti òkè kì í jẹ́ kí ojú tètè rí i, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó sì máa ń dé lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni ó ń gbé inú ilé fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ wá, tí kò ní ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, ọdún 2011, ó lé ní 300 ènìyàn tí ó kú ní ìhà gúúsù yìí láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, Alabama ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ti kú. Èyí tí ó burú jù nínú ìtàn wọn ni ti ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 1925, tí ó la Missouri, Illinois àti Indiana kọjá, tí ó sì pa 695. Ọ̀gìnnìtìn pàápàá kò dí i lọ́nà: oṣù kejìlá ọdún 2021 ni ó run ìlú Mayfield ní Kentucky, lóru.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston àti Dallas, tí àwọn méjèèjì wà ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá kéde tornado watch, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú ọjọ́ lè bí ìjì náà. Tornado warning ni ti pé wọ́n ti rí i, tàbí pé ẹ̀rọ rédà ti gbé e. Yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ó wà láàárín gbùngbùn ilé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ilé ìwẹ̀, ni kí ènìyàn sá sí. Láti ìgbà tí ìkìlọ̀ kejì yìí bá dún, àkókò tí ó kù kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 lọ.