Ohùn Tó Ṣáájú àti Ohùn Tó Pẹ́ Dé

Ẹni tí ó bá ń pìtàn àwo orin ní ilẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ fo Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àkókò náà, a kò tí ì máa fi iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀. Ìwo ńlá ni akọrin ń kọjú sí. Ẹnu ìwo náà ni gbogbo ohùn ń gbà wọlé. Bí ohùn kan bá bo èkejì, àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí ẹni tí ohùn rẹ̀ le sún sẹ́yìn. Etí kan ṣoṣo ni ó ń gbọ́ wọn; kò sí ìjà láàárín etí àti etí.

Ìjà náà dé nígbà tí máíkì di púpọ̀. Nígbà tí Paul McCartney wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá, ní Èkó, ní 1973, ẹ̀rọ téèpù onípa mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀. Ipa kọ̀ọ̀kan lè ní máíkì tirẹ̀, máíkì kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ó dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń rìn; nǹkan bí mítà 340 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí máíkì kan bá fi mítà kan jìnnà sí ìlù ju èkejì lọ, ìró náà yóò fi ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Etí kò ní gbọ́ ọ bí ìró méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá pa ipa méjèèjì pọ̀, ìgbì tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 170 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò máa gòkè níhìn-ín nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọn yóò pa ara wọn.

Ọ̀ràn yìí ju ọ̀ràn ẹ̀rọ lọ fún wa, nítorí ìlù wa ń fọhùn. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá rá, ta ni yóò mọ̀ bóyá ìlú ni onílù pè tàbí ìlù?

Àtúnṣe wà. A lè sún máíkì. Bí a bá fi máíkì kan sókè àkúbà, tí a fi èkejì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí awọ ń sá fún ọ̀kan bí ó ti ń lọ bá èkejì, a lè yí ìgbì ọ̀kan dorí kodò. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà sì ti wọ iṣẹ́ yìí, a lè fa ipa tí ó pẹ́ síwájú títí tí ìgbì yóò fi ṣe déédé.

Níbi tí agbára yìí ti pọ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí á mú àpàlà wò, orin tí Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, tí EMI gbé àwo rẹ̀ jáde, kọ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1980. Onílù àpàlà a máa mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ akọrin lè balẹ̀ kí ó tó gbè é. Ẹni tí ó bá to gbogbo ìró sórí ìlà kan náà ti pa gbólóhùn onílù lẹ́nu.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ìpẹ́ tí ọ̀nà jíjìn fà kì í yí padà: bí ó ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀ orin ni yóò rí ní ìparí, níwọ̀n ìgbà tí máíkì àti ìlù kò bá kúrò ní àyè wọn. Ìpẹ́ tí ọwọ́ onílù fà ń tẹ̀lé ìtumọ̀. Ó ń gùn, ó ń kúrú. Kí a tún ti àkọ́kọ́ ṣe, kí a sì gbé gbogbo ipa ìlù kan pọ̀ bí a bá fẹ́ gbé e. Èkejì kì í ṣe àṣìṣe. Ogún wa ni.