Ìtàn Ìdójútòfò Àìsàn fún Ẹni Tó Ń Dá Iṣẹ́ Ara Rẹ̀ Ṣe ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ láti fi gba àlejò ayẹyẹ àṣà àwọn adúláwọ̀ tó wáyé ní ọdún 1977. Lónìí, àwọn télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jẹun ní agbègbè náà láìní ọ̀gá kankan. Bí àìsàn bá dá irú wọn dúró, ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ kò ní dúró. Ìdójútòfò owó-wíwọlé ni àdéhùn tí iléeṣẹ́ adójútòfò fi ń san apá kan nínú owó tí ènìyàn ń rí tẹ́lẹ̀ fún un, níwọ̀n ìgbà tí àìsàn kò bá jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́.

Kí iléeṣẹ́ adójútòfò Royal Exchange tó ṣí ọ́fíìsì sí Èkó ní ọdún 1921 ni àwọn Yorùbá ti ń dá èsúsù, èyí tí onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, William Bascom, kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1952. Iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, tí wọ́n sì ń kó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kó tirẹ̀ kí àìsàn tó dé ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè. Ìfowópamọ́ ni èsúsù, kì í ṣe ìdójútòfò.

Òfin pẹ̀lú kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ẹni tí kò lọ́gàá. Jámánì ṣòfin ìdójútòfò àìsàn fún òṣìṣẹ́ ní ọdún 1883. Ní Nàìjíríà, àpò owó ọjọ́ iwájú ti ọdún 1961 àti òfin owó gbà-má-bínú ti ọdún 2010 dá lé ẹni tí agbanisíṣẹ́ ń sanwó fún. Òfin ètò ìlera Èkó ti ọdún 2015, tó bí Ìlera Èkó, ṣílẹ̀kùn fún oníṣẹ́-ọwọ́, àmọ́ owó ìtọ́jú ló ń san, kì í ṣe owó tí kò wọlé. Ètò ìfẹ̀yìntì kékeré tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019 gbà kí ẹni tó ń dá owó sí i yọ apá kan owó rẹ̀ bí ìnáwó bá dé, ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ náà ni.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ yan ìdójútòfò ka ìwé àdéhùn dáadáa. Èyí tó jẹ́ ti ìjàǹbá nìkan kò ní san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúró. Kí ó béèrè iye ọjọ́ tí yóò fi dúró kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, iye oṣù tí wọn yóò fi san án, àti irú ẹ̀rí owó-wíwọlé tí wọn yóò gbà, nítorí yóò ṣòro fún ẹni tí kò kọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láti fi iye tó ń pa hàn. Àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Òfin ìdójútòfò sì là á kalẹ̀ pé láìsanwó, kò sí ìdójútòfò. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni láti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ nínú Ìlera Èkó, kí a tọ́jú owó ọjọ́ ìdúró sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí a tó wá ra àdéhùn tó dárúkọ àìsàn ní kedere, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí NAICOM, àjọ tó ń mójú tó ìdójútòfò ní Nàìjíríà, fún ní ìwé àṣẹ.