Ọ̀rọ̀ tó gùn ju ìlà lọ: Sáńsíkírítì nínú LaTeX

Nínú ìwé Varadāmbikā Pariṇaya tí Tirumalāmbā, obìnrin akéwì kan ní ààfin Vijayanagara ní gúúsù Íńdíà, kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ kan wà tó gba lẹ́tà 428 bí a bá fi lẹ́tà Róòmù kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo o!

Àwọn akọ̀wé àtijọ́ níbẹ̀ kò ka èyí sí wàhálà. Orí ewé ọ̀pẹ gbígbẹ ni wọ́n ń kọ̀wé sí, wọn kì í sábà fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, ibi tí ìlà bá sì tán sí ni wọ́n ti ń bọ́ sí òmíràn. Ìwé títẹ̀ ti àwọn òyìnbó ló mú ìyọnu dé: ó fẹ́ àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, ó tún fẹ́ kí etí ìlà dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Àlàfo ni atẹ̀wé ń fẹ̀ tàbí kí ó fún un pọ̀ kí etí lè dọ́gba. Bó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lórí ìlà ńkọ́?

Donald Knuth gbé TeX jáde ní 1978 (orí rẹ̀ ni Leslie Lamport kọ́ LaTeX lé). Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Frank Liang, ló ṣe ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tó yẹ kí a gé ọ̀rọ̀, ó sì fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1983. Àmọ́ lẹ́tà 63 àkọ́kọ́ nìkan ni TeX ń yẹ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ kan. Fún Gẹ̀ẹ́sì, ó tó, ó ṣẹ́kù. Lẹ́tà 428 wá ńkọ́? Bí a bá sì fi àṣẹ gbé àmì lé lẹ́tà, TeX ìgbà náà kò lè gé ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa mọ́. Bí ā àti ṭ ti Sáńsíkírítì ṣe jìyà ni ọ́ tiwa náà ṣe jẹ ẹ́.

Ní 1991 Frans Velthuis ṣe lẹ́tà Devanagari fún TeX ní Netherlands. Ní 2004 Jonathan Kew gbé XeTeX dé, tó ń ka Unicode. Yves Codet wá kọ òfin gígé fún Sáńsíkírítì, sílébù ló sì ń tẹ̀ lé.

Sílébù ni a fara mọ́. Hima àti ālaya ló di himālaya, fáwẹ̀lì méjì ti di ọ̀kan. Ìpajẹ àti àrànmọ́ ti kọ́ wa nírú èyí: nínú gbọ́mọ, ta ló lè tọ́ka sí ibi tí gbé parí sí tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kí gígé bá ààlà ọ̀rọ̀ mu ṣì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ \- síbi tó wù ú, lọ́kọ̀ọ̀kan.